Ọdún Mẹ́wàá Gìtá Mi Pé

Gìtá oníná mi tó ní ihò láyà pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba bí òfin ohun èlò ṣe wí, kí ó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó ṣì fẹ́ máa bá mi gbé. Ìyáàfin Odùnlámì, akọ̀wé ibẹ̀, tú ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni gìtá wí. "Bàbá ò burú. Wọ́n kàn máa ń gbé ife tíì lé mi láyà ni. Okùn kẹta mi ti dípẹtà. Wọ́n sì máa ń bú mi."

"Kí ló dé tí mi ò ní bú u?" ni mo fi ìbínú dáhùn. "Láti ọdún kẹfà ni nǹkan ti ń dún woroworo nínú rẹ̀! Oníṣẹ́ mẹ́ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan."

"Bàbá, yẹtí ìyàwó yín ni. Wọ́n ń nu eruku ara mi lọ́wọ́, ó bọ́ sínú ihò àyà mi."

Mo ti tú gbogbo ilé wá yẹtí yẹn. Ẹyọ kan ló wà létí Àṣàkẹ́ nígbà tí a sin ín.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Òfin ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kí ọdún mẹ́wàá tó pé."

Akọ̀wé mú ẹ̀mú. "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ẹ fi sílẹ̀," ni èmi àti gìtá wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ṣì jọ ń gbé, ó sì pe obìnrin tó kàn, tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dání.

Mo ti pààrọ̀ okùn kẹta. Bí mo bá ń ta gìtá báyìí, tó sì dún woroworo, mi ò bú u mọ́. Mo kàn máa ń ní, "Mo ti gbọ́, Àṣàkẹ́."