Ẹ Má Kọjá Ìlà Yẹn

Tíṣà kan wà tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ, àmọ́ etí ẹ̀ di. Àléébù ẹ̀ nìyẹn: kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan. Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì ẹ̀, ọmọ wẹ́dà tó ń jó irin lójú títì. Wárápá máa ń mú un. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣubú, Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà yí i ká nílẹ̀.

"Ẹ má kọjá ìlà yìí o! Itọ́ ẹ̀ ń ràn. Ẹ tilẹ̀kùn, kí wọ́n má rí ìtìjú wa."

Ọmọ náà jí, ó bá ara ẹ̀ láàárín róbótó funfun. Gbogbo ojú ń wò ó bí ẹni ń wo òkú ejò. Kò sunkún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìlà náà díẹ̀díẹ̀, kó lè ráyè jáde.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà mú nọ́ọ̀sì wá sílé ìwé. Nọ́ọ̀sì ní wárápá kì í ràn. Ẹni tó bá ṣubú, ẹ gbé nǹkan líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ dúró tì í. Gbogbo kíláàsì yòókù ló gbọ́. Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀ kó àwọn tiẹ̀ lọ gbálẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ọjà tẹ́ ẹ gbé wá yìí, a ò rà."

"Tíṣà, ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ gan-an, ó ti wọ́n jù."

Tíṣàbìnrin tó wà ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn bá gba ọmọ wẹ́dà sọ́dọ̀.

Bá a bá ń gégi nígbó, ká máa fọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Mo-ti-mọ̀-tẹ́lẹ̀ ṣubú lórí alùpùpù, ó forí gbálẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í mú òun náà nílé. Dókítà fún un lóògùn.

Ìyàwó ẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lo oògùn yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn níbi iṣẹ́."

"Kí wọ́n wá máa pè mí ní oníwárápá? Láéláé!" Ó da oògùn sí ṣáláńgá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọ̀wé sójú pátákó, ló bá ṣubú gbì. Ó dojú délẹ̀, imú ẹ̀ wọnú àkísà tútù tí wọ́n fi ń nu pátákó.

Àwọn ọmọ ò sá. Ohun tó kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. Mọ́nítọ̀ he ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ nílẹ̀, ó fa ìlà yí i ká. Wọ́n tilẹ̀kùn. Gìgísẹ̀ ẹ̀ ń lu ilẹ̀, kò-kò-kò.

Ọmọ wẹ́dà gbọ́ ọ lára ògiri. Ó sáré wá, ó ń gbálẹ̀kùn.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀!"

"A ò lè ṣí i. Tíṣà ló ní ká má ṣí i."

"Ta ló ṣubú?"

"Tíṣà ni."

Gìgísẹ̀ dákẹ́. Kí ọ̀gá àgbà tó já ilẹ̀kùn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọjà tí Tíṣà tà fáwọn ọmọ, òun náà ló rà á.

Wọ́n ti fọ ibẹ̀ títí. Ìlà ò sí mọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì yẹn kì í tẹ ibẹ̀. Wọ́n ń yà fún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wárápá kọ́ ni ìyà tó jẹ Tíṣà o. Àìsàn ni, ó lè ṣe ẹnikẹ́ni, ó sì lóògùn. Ìlà ló pa á. Tí wọ́n bá wá kọ́ àwọn ọmọ yín nípa wárápá nílé ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́, kí ẹ̀yin náà gbọ́. Ohun tá a bá kọ́ ọmọ pé kó ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ yẹn náà ló máa fi tọ́jú wa lọ́jọ́ tá a bá ṣubú.