Ẹgbẹ̀rún Kan Kó Tó Di Ọ̀sán Sọ́ńdè

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dìjà, tọkọtaya náà kọ àdéhùn wọn sára ògiri kíṣìnì. Bí ìkànnì géèmù tí ọkọ ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ní ẹgbẹ̀rún olùtẹ̀lé kí aago méjìlá ọ̀sán Sọ́ńdè tó lù, yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá pé, wọn á ta kọ̀ǹpútà, wọn á gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ìyá ìyàwó á sì kúrò lórí àga pálọ̀ tí wọ́n ti ń sùn sí láti oṣù mẹ́ta.

Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ yìí, torí iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Aago méje àárọ̀ làwọn méjèèjì máa ń jáde, Màmá nìkan ló ń ṣọ́lé títí di ìrọ̀lẹ́.

"Màmá mi ò wá síbí kí ọrùn máa dùn wọ́n," ni ìyàwó wí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọrùn ń dùn mí?" Màmá dáhùn láti pálọ̀. "Ibí tù mí lára. Fi ọkọ mi sílẹ̀ jàre, má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni."

Díẹ̀ ló kù kí Wáyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Irú àna wo rèé! Èèyàn dáadáa ni Màmá, àfi pé àgbà ti ń dé díẹ̀díẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ìrẹsì ń jóná mọ́ wọn lọ́wọ́. Wáyà ló máa ń bá wọn ha ìdí ìkòkò, kò sì ráhùn rí.

Géèmù eré mọ́tò ló ń gbé sórí ìkànnì rẹ̀. Ó ti ṣètò kọ̀ǹpútà náà pé bí géèmù bá ti ṣí, kó máa gba gbogbo ohun tó ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, títí wọn á fi pa á. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á di páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù mú fún bíi wákàtí kan, á máa tòògbé lórí ẹ̀. Sátidé ló ń gé fídíò. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á pa ohùn inú ẹ̀ pátápátá, torí ariwo fáànù yàrá náà ò ṣeé gbọ́ sétí. Lẹ́yìn náà á ṣa ibi tó dùn jù, á tò ó, á wá fi ohùn ara rẹ̀ ṣàlàyé lé e lórí.

Nígbà tí Sátidé ìkẹyìn pé, olùtẹ̀lé ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá ló ní. Ó wọ yàrá náà tọkàntọkàn. Tìmùtìmù kan wà lórí àga, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Páàdì ń ta sánsán bí oògùn ìpara orúnkún.

"Màmá ti bá mi nu ibí," ó wí, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ó wo ohun tí kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀: wákàtí mọ́kàndínlógún.

"Háà! Mo mà gbìyànjú lọ́sẹ̀ yìí o!"

Ó ń sáré wò ó. Mọ́tò yẹ́lò rẹ̀ kọ lu ògiri. Ó kọ lu igi. Ó tún padà lọ kọ lu ògiri àkọ́kọ́. Wáyà ń fò wọ́n kọjá. Ló bá kan ibì kan tí mọ́tò yẹ́lò ti wà lẹ́yìn pátápátá, ó wà ní ipò ogún nínú mọ́tò ogún. Ó gba àárín tírélà méjì kọjá, ó fi ìdí wọ́ gba orí afárá, ó yọ sílẹ̀ lódì kejì, ó sì di àkọ́kọ́.

"Ìyàwó! Wá wo ọwọ́ ọkọ ẹ!"

Ìyàwó wò ó títí. "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ wa mọ́tò wa wọ gọ́tà ní Tọ́sìdeè?"

"Ti géèmù yàtọ̀."

"Ìgbà wo lẹ wá ṣe eléyìí?"

"Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni. Bí mo bá ti wọ inú ẹ̀, mi ò kì í mọ ara mi mọ́."

Ó gé e, ó tò ó, ó sọ̀rọ̀ sí i, ó gbé e jáde. Ayé gbà á bí ẹni gba búrẹ́dì gbígbóná. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó ku ogójì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, ó ku ẹyọ méjì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti dúró yí fóònù ká. Màmá káwọ́ lérí.

"Ẹ tún un wò."

"Ó ku ẹyọ kan, Màmá."

"Yéè! Ẹ tún un wò!"

Ẹgbẹ̀rún kan pé géérégé. Kí Wáyà tó lanu, Màmá ti fò sókè, wọ́n ti ju gèlè sílẹ̀, wọ́n ń jó yí tábìlì ká.

"Màmá, yàrá yín lẹ ń jó lé lórí yẹn o!" ìyàwó pariwo.

"Yàrá kí ni? Jẹ́ n jó!"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó lóun gbà, òun ti pàdánù, ẹnu òun ò gbọdọ̀ kan yàrá náà mọ́. Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Àmọ́ ẹ bá mi ṣí ibi afárá yẹn tòun ti ohùn inú ẹ̀, ariwo fáànù ò pa èèyàn. Mo fẹ́ gbọ́ igbe tẹ́ ẹ ké lọ́jọ́ náà."

"Ẹ jẹ́ n lọ wo ìkòkò mi," ni Màmá wí, wọ́n sì ti rin dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dúró, Màmá, kẹ́ ẹ gbọ́ igbe ọmọ yín!" Wáyà ti sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó gbé ohùn sókè dé òpin.

Fáànù kọ́kọ́ hó díẹ̀, mọ́tò yẹ́lò fi ìdí wọ́ gun orí afárá, ohùn Màmá sì gba gbogbo ilé kan láti inú kọ̀ǹpútà: "Yà fún mi, ìwọ ọmọ yìí, yà lọ́nà, ìrẹsì mi ń jóná!"