Pósítà Òkú Tó Ń Yí Padà Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wá ibi tí mo lè sá sí.

Èmi Yaw Ampem, pósítà òkú ni mò ń ṣe jẹun ní Kumasi.

Ẹni tó bá ṣì ń da orúkọ kọ láti fáìlì kan sí òmíràn, ọ̀dẹ̀ ni mo máa ń pè é. Èmi ti so pósítà mi mọ́ tábìlì kan nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo bá tẹ̀ sínú tábìlì ló ń bọ́ sórí pósítà, tábìlì á sì ṣírò ọjọ́ orí fúnra rẹ̀.

Òkú ọ̀dọ́ á gba "Ó mà ṣe o." Òkú àgbà á gba "Ẹ wá bá wa yọ̀."

Láàárọ̀ yìí, kí n tó tẹ orúkọ olóògbé síbẹ̀, mo fi orúkọ, fọ́tò àti ọjọ́ ìbí tèmi dán an wò.

Ó ṣiṣẹ́. Mo yin ara mi títí, mo gbàgbé láti pa á rẹ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti lẹ̀ mí mọ́ gbogbo ògiri àdúgbò Bantama.

Serwaa, tí a fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, wọ ṣọ́ọ̀bù mi, pósítà kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olólùfẹ́, má sunkún. Mi ò kú."

"Ta ló ń sunkún? Mo rí i pé o ò kú."

Ó na pósítà náà sí mi.

"Ẹ wá bá wa yọ̀" ló wà lókè. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà nísàlẹ̀.

Méjìlélógójì ni mo sọ fún un nígbà tí a pàdé.

Ó rọra fa àga sún mọ́ mi.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ìdúró ò yẹ àgbà."