Púlì Tí Àmúdà Dà

Àmúdà ará Ṣakí mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, kì í sì í gba ìkìlọ̀. Ìwà yìí ló bà á jẹ́.

Púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ló ń fi alumíníọ̀mù dà. Ó máa ń ra ọ̀pá egbòogi kan láti Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń yọ́ sínú alumíníọ̀mù kí inú rẹ̀ lè kúnná, kó má baà tètè là. Títí dé Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ń wá púlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Jímọ̀, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti sọ fún un pé bí iná bá pọ̀ jù, tí egbòogi sì pẹ́ jù nínú ìkòkò, yóò rì sísàlẹ̀, agbára rẹ̀ yóò sì tán.

Lọ́jọ́ kan, Àmúdà fi egbòogi sínú ìkòkò tán, ó bá bọ́ síta lọ bá àwọn ọlọ́kadà jiyàn bọ́ọ̀lù. Ó lò ju wákàtí kan lọ. Iná ń jó, alumíníọ̀mù pọ́n wẹ̀ẹ̀. Bàbá Jímọ̀ wọlé bá a bó ṣe ń múra àtidà á.

“Àmúdà, egbòogi yẹn ti kú. Jẹ́ kí iná rọlẹ̀, kó o fi òmíràn sí i.”

“Bàbá, àwọn oníbàárà mi ní Ofiki ń dúró dè mí. Ta ni yóò la púlì wo inú rẹ̀?”

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó dà á, ó ha á títí ó fi ń dán.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ̀gbọ́n Àmúdà tó tọ́ ọ dàgbà, ló ń lọ ẹ̀gẹ́ nílé ẹ̀rọ tó ra púlì náà ní Ofiki. Ọjọ́ kẹsàn-án ni púlì fọ́ níbi tí ẹ̀rọ ti ń sáré. Àfọ́kù kan fò, ó sì fọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ pe Àmúdà, ó ní ayédèrú ni egbòogi tí wọ́n tà fún òun. Bàbá Jímọ̀ kò jiyàn. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà, ó yọ́ ọ sínú alumíníọ̀mù bó ṣe yẹ, ó rò ó, ó dà á kíá. Nígbà tó tutù, ó fi òòlù fọ́ ọ lójú gbogbo wọn. Inú rẹ̀ kúnná bí èlùbọ́. Inú àfọ́kù púlì ti Ofiki rí págunpàgun bí iyọ̀ òkúta.

Àmúdà wo méjèèjì.

Ẹgbẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Èédú ló ń rù fún àwọn tó ń da púlì báyìí. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí.”

“Mo ti foríjì ọ́, Àmúdà,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí láti inú ilé. “Ṣùgbọ́n má padà wá mọ́.”

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o: egbòogi tó dára kò lè gba oníṣẹ́ aláìbìkítà là. Iṣẹ́ tí ojú kò tó inú rẹ̀ ló yẹ kí á fi òótọ́ ṣe jù lọ, nítorí ara ẹlòmíràn ni àbùkù rẹ̀ máa ń jáde sí. Bí àgbà bá sì kìlọ̀ fún wa, ká gbọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Ẹ̀bẹ̀ kì í la ojú tó ti fọ́.