Ìjọba Kì Í San Owó Òkú

"Solange, a ti kọjá Tatonnonkon o. Máa tẹ̀ lé wa bọ̀."

Ìyá Solange ló ń sọ ọ́ nínú áńbúláǹsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Awakọ̀ dín eré kù. Òkú nìkan ni wọ́n máa ń pe orúkọ ìlú fún lójú ọ̀nà, kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa ṣìnà.

"Màmá, ṣé ó ti lọ ni?"

"Ó ti lọ. Gbé wa padà sílé, ọmọ mi."

"Ẹ̀sáǹsì tó wà nínú ọkọ̀ yìí ò lè gbé wa délé, Màmá. Ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn láàyè nìkan ni ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún wa. Nínú ẹ̀ la ti ń ra ẹ̀sáǹsì, nínú ẹ̀ lèmi náà ti ń jẹun."

"Tí wọ́n bá san án, ṣé wàá gbé wa délé?"

"Màá gbé yín."

"Dúró ná."

Àwọn méjèèjì gbé Solange kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé e jókòó sórí àga, wọ́n fi ìborùn bò ó lójú. Ìyá náà gorí bẹ́ẹ̀dì, ó sì dùbúlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn fún wọn nílé ìwòsàn.

"Ta ni aláìsàn?"

"Èmi ni."

"Ẹni tó ń sùn yìí ńkọ́?"

"Ọmọ mi ni. Òun ló sìn mí wá."