Ìdíje Ìbọn Tí Ọdẹ́níyì Fẹ́ Dá Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ṣe, tó sì rò pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ máa fojú àánú wò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́níyì, olórí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú Arárọ̀mí. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àwọn ọdẹ Arárọ̀mí a máa gba àwọn ọdẹ Òkè-Ọ̀sà lálejò ní pápá ẹ̀yìn ìlú. Wọn a so igbá rọ̀, wọn a sì máa yìnbọn sí i láti mọ ìlú tó mọ ìbọn yìn jù. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó iṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá Ọdẹ́níyì ló dá ìdíje náà sílẹ̀, Ọdẹ́níyì sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ìfẹ́ yìí kò burú. Àgídí inú rẹ̀ ló burú. Ọdẹ́níyì ló ń ro pápá, òun ló ń so igbá, òun ló ń kọ iye tí oníkálukú bà, òun náà ló ń fọn fèrè tí ọdẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó ki ìbọn. Bí ẹlòmíràn bá so igbá kan, á tú u, á tún un so. Owó pàápàá, kì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá mú owó wá, ẹnu ló mú wá." Ewúrẹ́ ilé rẹ̀ ló ń tà láti fi gbọ́ bùkátà ìdíje, títí ìyàwó rẹ̀ kò fi rí ẹran tó máa jẹ èèpo iṣu mọ́.

Lọ́dún kan, Sùnmọ́nù jórinjórin gbé irin pẹlẹbẹ kan wá sí ìpàdé. Ó ní, "Bàbá, igbá máa ń fọ́, a sì máa ń jà lórí ẹni tó bà á. Bí ọta bá ba irin, á dún, gbogbo ènìyàn á gbọ́. Bí a bá sì gbé e kọ́ kó dojú bolẹ̀ díẹ̀, ọta kò ní ta padà, ilẹ̀ ni yóò lọ."

Ọdẹ́níyì bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo ẹgbẹ́. "Sùnmọ́nù, ṣé ìdíje ọdẹ la fẹ́ ṣe, àbí agogo ilé-ìwé lo fẹ́ lù fún wa? Gbé irin rẹ, máa lọ."

Sùnmọ́nù gbé irin rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún ní kí òun bá Ọdẹ́níyì gbé nǹkan kan.

Nígbà tí ọdún yípo, tí ìdíje ku ọjọ́ mẹ́rin, Ọdẹ́níyì gun àkàbà láti so igbá. Àkàbà yẹ̀, ó já lulẹ̀, apá rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Kò tíì ro pápá dé ìdajì, igbá orí okùn kò sì ju mẹ́ta lọ. Àwọn ará Òkè-Ọ̀sà gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí Arárọ̀mí má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, àwọn yóò gba ìdíje náà, yóò sì di tàwọn títí láé. Omijé bọ́ lójú Ọdẹ́níyì. Ogún bàbá rẹ̀ ló ń lọ yìí.

"Bàbá Fọlá," ni ìyàwó rẹ̀ wí bó ti ń bu ẹ̀kọ fún un, "àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ̀yin gan-an lẹ wá di ọlọ́wọ́ kan ọ̀hún báyìí. Ẹ dìde, ẹ lọ bẹ àwọn ènìyàn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ó gbé apá kọ́rùn, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù Sùnmọ́nù. Ẹ wo àgbàlagbà tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí! Ìgbà mẹ́ta ló kọjá lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

"Sùnmọ́nù," ló wí, "mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ láwùjọ, mi ò ṣe é dáadáa. Ìwọ àti àwọn yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ṣe ìdíje yìí. Bí ẹ bá ṣe fẹ́ kó rí ni kó rí."

Sùnmọ́nù pa iná iṣẹ́ rẹ̀. "Bàbá, kí ẹ pè wá la ti ń retí. Ẹ jókòó sórí àga yìí. Irin yẹn wà lẹ́yìn ilé, mi ò tíì tà á."

Kó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti kárí ìlú. Háà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wá wo iṣẹ́! Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn àgbẹ̀ fi ro pápá náà tán. Sùnmọ́nù gé irin mẹ́wàá, ó gbé wọn kọ́. Àwọn obìnrin tó ń yan gàárì ru àga wá. Tíṣà Móríyìkẹ́ gbé pátákó ìkọ̀wé wá láti ilé-ìwé, ó ní òun lòun máa kọ iye tí oníkálukú bà, òun náà lòun máa fọn fèrè. Ẹni tó ní iṣu mú iṣu wá, ẹni tó ní owó ẹ̀tù mú owó wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọdẹ́níyì fẹ́ dìde lọ tún irin kan gbé kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ọjọ́ pé, àwọn ará Òkè-Ọ̀sà sì dé wá wò ó bóyá Arárọ̀mí ṣì lè ṣe é. Tíṣà fọn fèrè, ọdẹ ki ìbọn. Gbàù! Irin dáhùn: gan-an! Àwọn ènìyàn hó yèè. Kò sí ẹni tó jà lórí ẹni tó bà á, nítorí pé etí gbogbo wọn ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tí wọ́n parí, irin kan ṣoṣo ni Arárọ̀mí fi ju Òkè-Ọ̀sà lọ. Inú Ọdẹ́níyì dùn débi pé ó fẹ́ pàtẹ́wọ́, apá tó kán sì mú kó ké "Yéè!" láàárín ayọ̀.

Olórí ọdẹ Òkè-Ọ̀sà dìde. "Ọdẹ́níyì, a ò gba ìdíje yìí lọ́wọ́ yín mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń wá síbí, mi ò rí irú èyí rí. Ta ló ṣe gbogbo rẹ̀?"

Ọdẹ́níyì wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò mọ ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ dárúkọ.

"Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é," ó kígbe, "ẹ dìde!"

Gbogbo Arárọ̀mí dìde. Àlejò nìkan ló kù lórí ìjókòó.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ti ẹnì kan, bó ti wù kí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun rere pẹ́, kó jẹ́ kí ọwọ́ púpọ̀ kàn án. Igi kan kì í dá igbó ṣe.