Iyán Ọ̀sán Adéwùmí

Ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá bí dókítà bá ti bá yín sọ̀rọ̀ oúnjẹ rí.

1.
Ní ọdún 1991, olùkọ́ yunifásítì kan ń gbé ní Okokomaiko. Adéwùmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì pọ́nńbélé. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń rù. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, Dókítà Adéníyì ní àtọ̀gbẹ ni.

“Ẹ má bẹ̀rù, sà. Ẹ máa lo oògùn oníhóró yìí, kẹ́ ẹ sì máa jẹ oúnjẹ tó bá ara yín mu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ẹ̀wà, àgbàdo sísè, ọ̀dùnkún kékeré kan, ìrẹsì ọ̀fadà díẹ̀. Ṣùgbọ́n iyán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ ná.”

Kí Èkìtì má jẹ iyán! Adéwùmí rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ bàjẹ́. Lójú tirẹ̀, gbogbo ohun tí dókítà kà sílẹ̀ yẹn, ìpápánu ni. Èèyàn lè jẹ gbogbo wọn tán, kó ṣì máa bèèrè ìgbà tí oúnjẹ máa dé.

Victoria, ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni ní Àjàngbàdì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà karí bí ẹni pé òun gan-an ni àìsàn ń ṣe. Ó kọ oúnjẹ ọjọ́ méjèèje sára kàlẹ́ńdà: Ọjọ́ Ajé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sísè àti ẹ̀fọ́, Ìṣẹ́gun, ẹ̀wà àti àgbàdo, Ọjọ́rú, ọ̀dùnkún tí kò tóbi ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń tètè jinná lórí sítóòfù. Ẹ̀wà nìkan ló máa ń pẹ́, ìyẹn náà á sì ti rẹ ẹ́ sómi kó tó sùn. Kí ọkọ rẹ̀ má baà máa dá itọ́ mì, òun àti Mojísọ́lá ọmọ wọn pa iyán tì. Láràárọ̀ ni yóò fún un ní oògùn, tí yóò dúró tì í títí yóò fi gbé e mì, kó tó wá gbé kúlà oúnjẹ ọ̀sán lé e lọ́wọ́.

2.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Adéwùmí fi gbìyànjú.

Opó kan láti ìlú rẹ̀, Àríkẹ́, ń gúnyán tà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Igbó-Elérin. Adéwùmí ní òun kàn fẹ́ lọ kí i ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní kúrò nílé mi láìjẹun o!” ni Àríkẹ́ wí. Kò mọ̀ pé ara ọkùnrin náà kò yá.

Adéwùmí wo iyán, ó funfun, ó ń rú èéfín. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, “Ṣebí iṣu náà ni. Mélòó tilẹ̀ ni?” Lọ́jọ́ kejì ó padà lọ. Kò pẹ́, ó di ojoojúmọ́. Àsánì, ọlọ́dẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ló ń bá a jẹ oúnjẹ inú kúlà. Ṣe ni Àsánì ń dán!

3.
Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ibẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Sà, ṣé oúnjẹ tí a jọ sọ lẹ ń jẹ?”

Adéwùmí wo ìyàwó rẹ̀. “Òun náà ni, Dókítà.”

“Wọ́n ń jẹ ẹ́,” ni Victoria wí. “Òfìfo ni kúlà máa ń padà wálé. Bóyá èmi ni mi ò sè é bó ṣe yẹ.”

Dókítà sọ oògùn náà di ìlọ́po méjì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ì bá ṣe é ká ní ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ojú á tì í, ó parí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti rí ọ̀nà jáde mọ́. Tó bá sọ ọ́, Victoria á gbọ́. Kò lè fo oògùn, nítorí ojú Victoria wà lára rẹ̀. Kò sì lè fi iyán sílẹ̀, torí bí ọ̀sán bá fẹ́ kọjá lọ láìjẹ ẹ́, agbára oògùn yẹn á mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún.

4.
Ní Ọjọ́rú kan, ó bá ilẹ̀kùn Àríkẹ́ ní títì. Wọ́n ní ó ti lọ sí Èkìtì fún ọ̀sẹ̀ kan. Inú Adéwùmí tilẹ̀ dùn. Ó ní Ọlọ́run ló yọ òun. Oúnjẹ Victoria ni òun máa jẹ láti òní lọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ó gba kúlà rẹ̀ padà lọ́wọ́ Àsánì.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìgbà tó di ọmọ gidi yìí gan-an ni oògùn tí wọ́n fi kún torí ṣúgà iyán wá lágbára jù fún un. Ní Ọjọ́bọ̀, òógùn bò ó. Ní Ẹtì, ojú rẹ̀ ń ṣú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ní Sátidé, òun àti Victoria ń bọ̀ láti Ìyànà-Ìbà nínú ọkọ̀ ìjàpá wọn, Adéwùmí ló ń wà á. Victoria rí i pé ọkọ̀ ti ń yà.

“Dádì Mojí! Títì o! Dádì Mojí!”

Adéwùmí ti dákú. Ọkọ̀ náà rọ́ lu tírélà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Victoria jókòó sí ló sì fi gbá a.

Nígbà tí wọ́n fa omi ṣúgà sí Adéwùmí lára ní ilé ìwòsàn, ó jí. Ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ ló ní. Egungun ìbàdí Victoria ló fọ́. Wọ́n ní bó bá tún máa rìn, ọ̀pá ni yóò máa tẹ̀.

Dókítà dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. “Sà, ṣúgà tó pọ̀ ni mo torí rẹ̀ fún yín ní oògùn yẹn. Mi ò bá a lára yín mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Victoria ló dáhùn, ó ń sunkún. “Èmi ni mo jẹ̀bi, Dókítà. Oúnjẹ tí mò ń bù fún wọn ló kéré jù. Dádì Mojí, ẹ forí jì mí.”

Adéwùmí fẹ́ dákẹ́ o. Mo ní ó ṣì fẹ́ dákẹ́! Ṣùgbọ́n ẹkún obìnrin náà kò jẹ́.

“Iyán ni,” ló wí. “Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jẹ ẹ́ ní Igbó-Elérin. Àsánì ló ń jẹ oúnjẹ rẹ.”

Ẹkún Victoria dá. Dókítà ló kọjú sí, kò wo ọkọ rẹ̀.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọkùnrin yìí kúrò níbí.”

Ìkìlọ̀ mi rèé, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ohun tí ẹ bá sọ pé ẹ ń jẹ ni dókítà fi ń wọn oògùn fún yín. Bó bá jẹ́ òkèlè kan lẹ jí jẹ, ẹ sọ ọ́. Ojú kì í ti èèyàn kú. Adéwùmí yẹra fún ìtìjú kékeré, ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ̀pá kiri Okokomaiko, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé ilé kan náà láìbára wọn sọ̀rọ̀.